Ìròyìn Agogo Méjì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Bàbá Dìímú lójú títì yóò ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, yóò sì yí padà. Ọkùnrin náà ga, ó fẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí, orí kàn jókòó sórí èjìká ni. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi wọ ilé onílé kó má baà gbé férémù ilẹ̀kùn dání. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé aṣọ tí ẹlòmíì fi ń rán ẹ̀wù àti ṣòkòtò, apá ọ̀tún nìkan ni òun ń fi rán fún ọkọ òun. Àsọdùn ni, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ó tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Wọ́ọ̀dù Kẹrin, nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe dókítà. Ara tí Ọlọ́run fún un ló gbà á síṣẹ́. Nígbà náà, ilé ìtajà pákó ló ti ń ru ẹrù, ló bá bá wọn gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan. Ó bá ènìyàn mẹ́rin tí wọ́n ń bá aláìsàn kan fà á, aṣọ ti ya mọ́ nọ́ọ̀sì kan lọ́rùn. Kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó gbá ọkùnrin náà mọ́ra láti ẹ̀yìn, ó sì dúró. Kò lù ú, kò fún un lọ́rùn, ó kàn dúró ni, títí ara ọkùnrin náà fi rọ̀ wọ̀ọ̀. Ọ̀gá ilé ìwòsàn ìgbà náà bi í bóyá ó fẹ́ràn pákó púpọ̀. Ó ní rárá o. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́.

Láti ìgbà náà, bí wàhálà bá ti bẹ́ ní wọ́ọ̀dù, igbe kan náà ni wọ́n ń ké: "Ẹ dì í mú!" Ẹni tí wọ́n sì ń ké e sí kò ju ẹnì kan lọ. Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn, nígbà tí irun rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, wọ́n fi Bàbá ṣíwájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òun nìkan lòun mọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń fi gbígbá ènìyàn mọ́ra jẹun tí òun ò sì lè jowú.

Àwọn ọkùnrin méjìdínlógún tó wà ní Wọ́ọ̀dù Kẹrin, ẹrù méjì ni wọ́n rù pọ̀. Òye wọn ti lọ́ra láti ìbí, kí àìsàn ọpọlọ tó tún wá gùn wọ́n. Ẹlòmíì nínú wọn kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Ehín lè máa ro irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó jẹ́ pé orí ni yóò máa gbá mọ́ ògiri, kí àwọn tó gbọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wèrè rẹ̀ ti tún le sí i. Bí wọ́n bá sọ fún ẹlòmíì pé ó dọ̀la, ọ̀la kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá gbé wá síbẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ta ni òun ṣẹ̀. Wọ́ọ̀dù ìjà ni wọ́n ń pè é káàkiri ọgbà.

Gbọ̀ngàn gígùn kan ni, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n kan bẹ́ǹṣì mọ́lẹ̀ yí ká kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lu ẹlòmíì. Láàárín gbùngbùn rẹ̀ ni yàrá àwọn nọ́ọ̀sì wà, gíláàsì lọ́tùn-ún, gíláàsì lósì. Ẹni tó kọ́ ọ rò pé òun ti ṣe bẹbẹ, torí nọ́ọ̀sì yóò lè jókòó sínú ibẹ̀ kó máa rí gbogbo aláìsàn. Kò rò ó dé ibi pé àwọn aláìsàn náà ní ojú.

Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó sigbọnlẹ̀, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín bí ènìyàn bá ti rẹ́rìn-ín sí i. Gbogbo ènìyàn ni ẹ̀gbọ́n lójú tirẹ̀, látorí dókítà títí dé orí ológbò tó máa ń gba ojú fèrèsé kọjá. Màmá rẹ̀ nìkan ló ń pè ní Màmá. Obìnrin náà ti dàgbà, ọ̀pá ló fi ń rìn, gbogbo ọjọ́rú ló sì máa ń mú ọsàn méjì tó ti bó wá fún un. Ẹ̀gbọ́n kò mọ ọjọ́rú yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ló ń jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà, kó má baà di pé Màmá dé kó má bá òun.

Ní ọjọ́ ajé kan, bí agogo méjì ọ̀sán ṣe lù, Ẹ̀gbọ́n dìde níbi ìjókòó rẹ̀, ó lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá onígíláàsì, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Nọ́ọ̀sì kékeré kan, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, ṣí i, ó ní kó lọ jókòó, ó sì fẹ́ tì í padà. Ẹ̀gbọ́n ta ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú gbogbo agbára tó ní. Ilẹ̀kùn gbá ọmọbìnrin náà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ni igbe bá ta pé ẹ dì í mú.

Bàbá Dìímú dì í mú. Ṣùgbọ́n ara ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn kọ́ ni ara yìí mọ́. Àwọn méjèèjì ṣubú, Ẹ̀gbọ́n balẹ̀ lórí orúnkún Bàbá, nǹkan kan sì ya nínú orúnkún náà. Ìrora yẹn bí Bàbá nínú. Ó fi àyà tẹ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbọ́ tó ń wá èémí lábẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó tó. Ẹ̀gbọ́n, ó tó." Kò dìde títí wọ́n fi gún un lábẹ́rẹ́. Ó gbé èyí sínú, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Nínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, ìlà kan wà tí wọ́n kọ "Ìdí" sí. Níwájú rẹ̀, ọwọ́ kan kọ ọ́ pé: "Kò sí."

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì ni, nọ́ọ̀sì kékeré yìí sì ni ẹni kẹta tí yóò fara pa mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọdún kan. Ó ní òun ò lè máa kó ọmọ ọlọ́mọ fún ìjà. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n gbé Ẹ̀gbọ́n lọ sí ilé ìwòsàn onílẹ̀kùn irin tó wà ní ìlú mìíràn, ìrìn àjò odindi ọjọ́ kan ni sí ibẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn pé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta yóò wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Bàbá Dìímú ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún ìyá Ẹ̀gbọ́n. Obìnrin náà kò sunkún, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń ká èèpo ọsàn tí ọmọ rẹ̀ mu tán sínú aṣọ ìnujú rẹ̀, ó ká a tán, ó tún tú u ká, ó tún ká a. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè sí Bàbá.

Ó ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi yìí ò lè dé ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi ni pé kí n máa dágbére fún un."

Bàbá dìde. Ó bá a gbé ọ̀pá rẹ̀, ó sì sìn ín dé géètì.

Dókítà tó wo orúnkún náà pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ di ẹnikẹ́ni mú mọ́, kò sì gbọdọ̀ dúró pẹ́. Wọ́n ní kó máa jókòó sí gbọ̀ngàn títí wọn yóò fi mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Ojú tì í. Alágbára ọkùnrin tó wá di ẹni tó ń bá àwọn aláìsàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tó ń wo ológbò. Àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n fún òun náà ní bẹ́ẹ̀dì.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí agogo méjì lù. Agogo méjì ni àwọn tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ ń fi iṣẹ́ lé àwọn tọ̀sán lọ́wọ́. Ìròyìn ni wọ́n ń pè é. Gbogbo wọn yóò wọ yàrá onígíláàsì, wọn yóò ti ilẹ̀kùn kí ariwo má baà dí wọn lọ́wọ́, wọn yóò sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn aláìsàn ṣe jí, bó ṣe jẹun, ohun tó ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Dìímú fi bá wọn wọ yàrá náà, inú ló sì ti ń wo ìta. Kò jókòó síta wo inú rí.

Ó wá wò ó. Ènìyàn mẹ́jọ tó wọ aṣọ funfun, ẹ̀yìn ni àwọn kan kọ sí i. Ó ń rí ẹnu tó ń lọ tó ń bọ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnì kan fi bírò nà sí ìhà bẹ́ǹṣì. Ẹlòmíì rẹ́rìn-ín. Nínú gbọ̀ngàn, kò ku aláṣọ funfun kan. Ẹni tó ń kọrin lábẹ́ fèrèsé dákẹ́. Ẹni tó ń to ìdérí ìgò sílẹ̀ kó wọn mọ́ àyà. Gbogbo wọn kọjú sí gíláàsì.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Alákọ̀wé, nítorí ìwé òfìfo kan tó máa ń há sí abíyá. Ó sún mọ́ Bàbá títí èjìká wọn fi kanra.

Ó ní, "Ẹjọ́ ta ni wọ́n ń dá?"

Bàbá ní kì í ṣe ẹjọ́, iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Alákọ̀wé gbọ́, ó mi orí, ó tún bi í léèrè.

"Ta ni wọ́n máa wá mú?"

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Bàbá. Ní ọjọ́ ìsinmi, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń fi abẹ tú ìṣẹ́tí aṣọ kan, ó sọ fún un bí ó ṣe rí. Ó rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà gbé abẹ sílẹ̀. Ó rán an létí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé ọkọ, nígbà tí ìyá ọkọ àti àwọn àbúrò ọkọ máa ń wọ yàrá kan pọ̀, tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn, tí òun á sì máa gbọ́ ẹ̀rín.

Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹran tí wọ́n fẹ́ rà lè ni wọ́n ń sọ. Èmi ò mọ̀. Gbogbo ẹ̀rín yẹn, èmi ni mo rò pé wọ́n ń fi rín. Ó dé ọjọ́ kan tí mo di ẹrù mi. Ẹ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí dòní."

Lóòótọ́, kò mọ̀. Ó wo ìyàwó tó ti fẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó bi í léèrè pé kí ló wá dá a dúró. Obìnrin náà ní ìyá ọkọ òun ló gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí lọ́jọ́ kan, òun sì gbọ́ pé ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò ni wọ́n ń sọ. Ó tún mú abẹ, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Dìímú tọrọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀. Ìwé kíkà kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìka ló fi ń tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà á láti ka ti ọdún mẹ́ta. Ìjà mọ́kànléláàádọ́ta ló wà níbẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì nínú wọn ṣẹlẹ̀ láàárín agogo méjì sí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Àwọn ọlọ́gbọ́n wọ́ọ̀dù ti fura sí agogo méjì náà rí. Wọ́n ní oúnjẹ ọ̀sán ló ń gùn wọ́n, wọ́n sì dín in kù. Lẹ́yìn náà wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n ni, wọ́n gbé e kúrò. Níwájú gbogbo ìdí, "Kò sí" ni wọ́n kọ, látìgbà dé ìgbà, ọwọ́ oríṣiríṣi.

Ó gbé ìwé náà tọ ọ̀gá nọ́ọ̀sì lọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìròyìn máa wáyé nínú gbọ̀ngàn, níwájú àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn. Obìnrin náà wò ó pé bóyá orúnkún ti ran orí. Ó bi í pé ṣé níwájú gbogbo ènìyàn ni òun yóò ti sọ pé ẹnì kan tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní aláìsàn ní àṣírí, òfin sì wà lórí rẹ̀. Òótọ́ ni, Bàbá sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ sọ ti àṣírí nínú ilé, ènìyàn méjì péré, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí olóhun gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, mà. Ẹ wá bá mi jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ máa rí i."

Kò wá bá a jókòó. Ṣùgbọ́n ó tún ka iye tó wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀, ó sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó ní ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan bá fara pa, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ṣeé wò. Wọ́n to àga sí gbọ̀ngàn yípo, àwọn nọ́ọ̀sì jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé síta láti yà ní fọ́tò. Ẹni tó ń sọ ìròyìn ní Alákọ̀wé sùn dáadáa. Alákọ̀wé ní irọ́ ni, pé ìbòrí òun kúrú. Ẹlòmíì rò pé oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ pín, ó lọ mú abọ́ rẹ̀ wá. Ìròyìn tí kì í ju ìdajì wákàtí lọ gba wákàtí kan àti ààbọ̀, àwọn tọ̀sán sì ń kùn. Bàbá Dìímú jókòó láàárín wọn, òógùn bò ó. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ja ìjà.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n wá ìbòrí gígùn fún Alákọ̀wé. Ó tó oṣù mẹ́jọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ síta, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Ohun tó wá ya gbogbo wọn lẹ́nu ni ohun tó ṣe ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn. Nínú gíláàsì, wọ́n lè sọ pé eléyìí tún ti bẹ̀rẹ̀ wèrè rẹ̀. Níta, nígbà tí ẹni náà jókòó síwájú wọn tó ń wo ẹnu wọn, ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé pè. Nọ́ọ̀sì á dákẹ́, á wá ọ̀rọ̀ mìíràn, bó bá sì ti ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn, ó di dandan kó rò ó pé kí ló mú ẹni náà pariwo gan-an. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ tó ń dún gbanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí wọn ń dẹ́rù ba ẹni tó ń to ìdérí ìgò. Wọ́n fi aṣọ dì í. Ìyàwó Bàbá ló rán àwọn àpò kékeré náà, ó fi èérún aṣọ rán an, kò sí méjì tó jọra.

Lọ́sẹ̀ kẹta, nọ́ọ̀sì kékeré padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú bàǹdéèjì líle lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó jìnnà sí Ẹ̀gbọ́n. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ẹ̀gbọ́n wo bàǹdéèjì náà títí ìròyìn fi parí.

Lẹ́yìn náà ni àṣìṣe dé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Bàbá lọ ya fọ́tò orúnkún rẹ̀, kò sí níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà, òjò ń rọ̀, àwọn tọ̀sán pẹ́ dé, ọ̀gá nọ́ọ̀sì sì sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yára ṣe é nínú ilé, lẹ́ẹ̀kan yìí péré. Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ẹ̀gbọ́n ti dé ojú gíláàsì, ó ju ìkúùkù lù ú, gíláàsì sì sán láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ọ̀gá nọ́ọ̀sì ló jókòó níwájú ibẹ̀ gan-an. Ojú rẹ̀ àti ojú Ẹ̀gbọ́n kò jìn síra ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Fún ọdún púpọ̀, ẹ̀yìn ìjà ló ti máa ń dé, nígbà tí wọ́n bá ti di ẹni náà mú tán. Lọ́jọ́ yẹn ló rí ojú náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kò sì rí ìbínú níbẹ̀. Ẹnì kan ti la ẹnu láti kígbe. Ó gbọ́wọ́ sókè pé kó dákẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé àga tirẹ̀ jáde, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbọ́n, ó sì ní kí àwọn tó kù máa gbé tiwọn bọ̀. Wọ́n parí ìròyìn níbẹ̀. Wọ́n fọ ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n tó gé díẹ̀, wọ́n dì í.

Gíláàsì tó sán gbọ́dọ̀ wọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀. Nígbà tí Bàbá padà dé lọ́jọ́ kejì, ó rí gíláàsì náà. Ó ṣí ìwé, ó fi ìka tọ ọ́ títí tó fi dé ibi tí wọ́n kọ Ìdí sí. Ọwọ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀: "A wọlé, a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn." Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun ló bá obìnrin náà gbé àga.

Ọjọ́rú ni ìgbìmọ̀ dé. Dókítà àgbà kan, obìnrin tó so awò ojú mọ́ ọrùn, ló ṣáájú wọn, fáìlì Ẹ̀gbọ́n sì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó wo gíláàsì tó sán, ó wo ọ̀gá nọ́ọ̀sì, ó sì ní kí wọ́n wọlé kí àwọn bẹ̀rẹ̀. Màmá Ẹ̀gbọ́n ti jókòó sẹ́bàá ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kò bó ọsàn wá lọ́jọ́ náà. Odindi ló mú wá, bí ohun tí ènìyàn ń dì fún arìnrìn-àjò.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kò mira. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbí, a kì í sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Agogo méjì náà ti fẹ́ lù. Ẹ bá wa jókòó síta."

Dókítà àgbà wo àga, ó wo bẹ́ǹṣì, ó jókòó. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì kékeré ló dìde, ẹni tí kò sí ẹni tó retí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó kán náà mú ìwé. Ó ní Ẹ̀gbọ́n jí dáadáa, ó jẹun, ó bá wọn ká aṣọ. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti padà dé, Ẹ̀gbọ́n ló máa ń di ilẹ̀kùn mú fún òun bí òun bá gbé nǹkan dání. Ó jókòó.

Dókítà àgbà ṣí fáìlì, ó wo inú rẹ̀, ó pa á dé. Ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n, ó sì rọra bi í pé kí ló dé tó fi ta ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn. Bàbá Dìímú fẹ́ bá a dáhùn, ọ̀rọ̀ ti dé ètè rẹ̀, ìyá Ẹ̀gbọ́n sì fà á lápá aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọkùnrin náà wí, ó ń wo ilẹ̀. "Wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbé mi lọ. Màmá ò ní bá mi níbí."

Lọ́jọ́ tó ta ilẹ̀kùn náà, kò sí ẹnì kan nínú yàrá yẹn tó ń rò ó láti gbé e lọ síbì kankan. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń sọ. Ohun tó bà á lẹ́rù títí tó fi ta ilẹ̀kùn, òun gan-an ni wọ́n wá kọ sínú lẹ́tà nítorí pé ó ta ilẹ̀kùn. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó kọ lẹ́tà náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu.

Bàbá Dìímú kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní òun ní ohun kan láti fi kún ìròyìn. Ó ní lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí Ẹ̀gbọ́n ti dákẹ́, òun ò dìde lórí rẹ̀. Ó ní inú ló bí òun. Ó ní ọkùnrin náà bẹ òun pé ó tó, òun sì gbọ́, òun sì tún tẹ̀ ẹ́. Ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n, ó ní, "Má bínú sí mi. Mi ò tún ní ṣe é mọ́."

Ẹ̀gbọ́n gbọ́, ó rẹ́rìn-ín sí i díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe.

Àwọn ìgbìmọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọ́, gbogbo ènìyàn ń gbọ́, Alákọ̀wé sì ṣí ìwé òfìfo rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, dókítà àgbà kò kọjú sí ọ̀gá nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbọ́n ló kọjú sí.

Ó ní, "O ò lọ síbì kankan. Ibí yìí ni màmá ẹ á máa bá ẹ."

Ìyá rẹ̀ mú ọsàn kan, ó ń wá ọ̀bẹ nínú àpò tí kò sí ọ̀bẹ. Ó wá fi èékánná bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Àwọn nọ́ọ̀sì ń dìde láti palẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sókè, bí wọ́n ti kọ́ wọn láti máa ṣe bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀. Ó ní ó ku ẹnì kan tí wọn ò tíì sọ ìròyìn rẹ̀. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ka orúkọ inú ìwé, ó ní àwọn méjèèjìdínlógún ti pé. Ẹ̀gbọ́n mi orí pé rárá. Ó nawọ́ sí Bàbá Dìímú, tó ti gba orí ẹsẹ̀ kan dìde láti lọ kó àga.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yìí ò sùn dáadáa. Orúnkún ń dùn ún. Èmi ni mo ṣubú lé e. Ẹ má jẹ́ kó gbé nǹkan."

Nọ́ọ̀sì kékeré kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá Dìímú sì padà jókòó.